Ìgò Omi Láti Ẹnu Òkun

Òkú ni wọ́n kọ́kọ́ pè é.

Inspẹ́kítọ̀ Fọláṣadé Ọláyọdé gun àtẹ̀gùn ilé alájà kan ní Ikpoba Hill, ó ya àwọn èrò tó dí ẹnu ọ̀nà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì kúnlẹ̀ ti obìnrin tó dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ irun rẹ̀. Ó fi ìka kan ọrùn rẹ̀. Ó dúró díẹ̀. Ó tún fi kàn án.

"Ẹ wá ọkọ̀ kíákíá," ó ní. "Kò tíì kú."

Òwúrọ̀ Sátidé ni, ọjọ́ tó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ ayọ̀ fún obìnrin náà, Dókítà Ìrètíolúwa Títíloyè. Ọmọ etíkun ni, ọmọ Ìlàjẹ, ó sì ti pẹ́ ní Benin. Ọdún gbọọrọ ló fi ń bẹ àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́bàá odò, láti ìlú títí dé ẹnu òkun. Oníkálukú wọn ló ń yẹ omi tirẹ̀ wò, tó sì ń ti èsì rẹ̀ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Oníkálukú ló ń búra pé ẹ̀kán kan ṣoṣo ni ìdọ̀tí òun. Ohun tí Dókítà máa ń sọ fún wọn ni pé ẹ̀kán kan kì í pa odò, ẹ̀kán gbogbo wọn lápapọ̀ ló ń pa á. Ó rọ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà láti kó èsì wọn jọ, kí wọ́n sì fi ti àwọn apẹja kún un, kí gbogbo ayé lè rí ohun tí wọ́n ti jọ ṣe sí ẹja, sí ilẹ̀, àti sí igi ẹ̀gbà tó ń ta gbòǹgbò sínú omi iyọ̀. Sátidé yìí gan-an ni wọ́n fẹ́ ṣí gbogbo rẹ̀ síta nínú gbọ̀ngàn ìjọ tó wà lẹ́yìn ilé náà.

Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù tán, Fọláṣadé dúró láàárín ọ̀fíìsì Dókítà, ó ń wò yíká.

Kọ̀ǹpútà tó ń kó gbogbo èsì jọ ti lọ. Àpótí kékeré tí Dókítà ń pa ẹ̀dà mọ́ sí náà ti lọ. Àpamọ́wọ́ rẹ̀ wà lórí àga, owó àti fóònù sì wà nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò já ilẹ̀kùn. Nínú fíríìjì, ìgò omi tí wọ́n bù láti gbogbo ojú odò dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́, òfìfo ni gbogbo wọn. Ẹnì kan ti ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan, ó sì ti da omi wọn nù. Lórí tábìlì, abọ́ ìrẹsì kan wà tí wọn kò jẹ dé ìdajì, ṣíbí ṣì wà nínú rẹ̀.

Oúnjẹ ọ̀sán. Ọ̀sán àná ni nǹkan ṣẹlẹ̀, ó sọ fún ara rẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá pè é lórí fóònù. Ó ní àwọn tó ń jí kọ̀ǹpútà pọ̀ nígboro, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé ni wọ́n fọ́, kó sì pa fáìlì dé. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun kò sì fẹ́ ariwo.

"Ọ̀gá, olè wo ló ń fi owó sílẹ̀, tó wá dúró da omi nù?" Fọláṣadé béèrè. "Mi ò lè kọ ìyẹn."

Ọ̀gá rán an létí pé ọ̀rọ̀ ìgbéga rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Fọláṣadé ní òun ò gbàgbé.

Ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó bá ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó ti kẹ́ẹ̀gì omi. Ìyá Iṣẹ́olúwa ni wọ́n ń pè é, olórí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní Ugbó-Ẹgbà, abúlé tó wà ní ẹnu òkun gan-an. Àwọn apẹja ló rán an wá pẹ̀lú omi tiwọn. Fọláṣadé bi í léèrè ìdí tí wọn kò fi dé lánàá bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Ìyá ní òkun ni kò jẹ́ kí wọ́n kúrò nílé. Láti àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni omi ti kún, ó bo òkìtì iyanrìn tí wọ́n ń fa ọkọ̀ sí, ìgbì sì ń bì lu ẹsẹ̀ ilé. Ìgbà tí oòrùn yẹ àtàrí dáadáa ni ó tó fà sẹ́yìn, tí àwọn fi rí ọ̀nà wa ọkọ̀. Ojú ọ̀nà ni àwọn sùn.

Àwọn ọlọ́pàá ti ní kí ìyá máa lọ sílé, pé kò sí ìpàdé mọ́. Kò mira.

"Ẹja wa ti lọ," ó ní. "Igi wa ń kú lórí ìdúró. Wọ́n tún wá gba ẹ̀rí ẹnu wa lọ. Ẹ sọ fún ẹni tó ṣe é pé mo jókòó síbí."

Mẹ́ta ni àwọn tí Fọláṣadé ní láti fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò.

Pẹ̀lúmi ni àkọ́kọ́. Òun ni igbákejì Dókítà, òun ló rí i nílẹ̀, òun nìkan ló tún ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀fíìsì. Benin ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Pidgin ló fi ń dáhùn. Ó ní yàrá òun ní Ekosodin ni òun wà ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Fọláṣadé rán ènìyàn lọ síbẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé sọ pé àárọ̀ ló ti jáde, pẹ̀lú táì lọ́rùn.

"O purọ́ fún mi," Fọláṣadé ní.

Ojú ọmọkùnrin náà pọ́n. "Madam, I no fit touch that woman. Na she train me."

"Táì yẹn ńkọ́?"

Ó di kó jẹ́wọ́. Ó lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ míì, ojú sì ń tì í láti sọ ọ́ nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ń jà láàárín ikú àti ìyè. Fọláṣadé pe ilé iṣẹ́ náà. Òótọ́ ni, wọ́n dá a dúró títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ. Ṣùgbọ́n ó sọ ohun kan tí Fọláṣadé fi sọ́kàn. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ Dókítà rárá. Dókítà fúnra rẹ̀ ló ní kó má wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ní àlejò kan ń bọ̀ tí òun kò fẹ́ kí ojú tì níwájú ọmọdé.

Ẹnì kejì ni Kẹ́hìndé, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ tó ni àwọn ẹ̀rọ tó ń fa iyanrìn lódò. Gbogbo ènìyàn ló ń nawọ́ sí i. Òun nìkan ló kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní fi èsì òun hàn ẹnikẹ́ni, ó sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé tí Dókítà bá tún tẹ ilẹ̀ òun, yóò rí ohun tí ojú ń rí. Kò sẹ́ ẹ.

"Mo sọ ọ́, màá sì tún un sọ," ó ní. "Mi ò fẹ́ràn obìnrin yẹn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Jímọ̀, iwájú adájọ́ ni mo wà, ẹjọ́ ilẹ̀ ló gbé mi débẹ̀. Ẹ lọ béèrè ní kóòtù."

Wọ́n béèrè. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá ní ó lè bẹ ènìyàn lọ́wẹ̀ fún iṣẹ́ ibi. Fọláṣadé mi orí. Kò sí èsì Kẹ́hìndé nínú kọ̀ǹpútà yẹn. Kò sí ìgò rẹ̀ nínú fíríìjì. Ẹni tó da omi nù, omi tirẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má baà tún un yẹ̀ wò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ta ni Dókítà yóò máa bo àṣírí rẹ̀? Kì í ṣe ti Kẹ́hìndé. Ti Kẹ́hìndé, ìta gbangba ni ìbá ti dójú tì í.

Ẹnì kẹta ni Alàgbà Akíntúndé Ògúnwálé. Ọsibítù ni Fọláṣadé ti bá a, ó ń sunkún. Òun àti Dókítà jọ ń lọ sí ìjọ kan náà. Ilé iṣẹ́ tó ń fọ rọ́bà lẹ́bàá odò ló ń bá ṣiṣẹ́. Ojúṣe rẹ̀ ni láti máa bu omi ní ẹnu òkun, níbi tí gbogbo ìdọ̀tí odò ń já sí, kó sì máa sọ bó ṣe mọ́ sí. Nọ́ńbà rẹ̀ ṣe pàtàkì. Òun ni àwọn ilé iṣẹ́ yòókù máa ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá ń tọrọ àṣẹ láti da ìdọ̀tí tiwọn kún un: ẹ wò ó, ẹnu òkun ṣì mọ́, àyè ṣì wà. Òun náà ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kó èsì jọ.

Fọláṣadé bi í léèrè ibi tó wà lọ́jọ́ Jímọ̀. Kò tilẹ̀ ronú.

"Ẹnu òkun ni mo wà, Inspẹ́kítọ̀. Ní ọ̀sán gangan, orí òkìtì iyanrìn ni mo dúró sí, tí mo fi bu omi fún ìpàdé òní." Ó yọ ìgò kan nínú báàgì rẹ̀, orúkọ ibẹ̀ wà lára rẹ̀. "Ẹ mú un. Ó lè jẹ́ pé òun nìkan ló ṣẹ́kù fún wọn báyìí."

Fọláṣadé dúpẹ́. Ó gba ìgò náà, ó sì kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú àánú rẹ̀ lọ́kàn.

Ó ti dé àgọ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó gún un. Òkìtì iyanrìn. Ọ̀sán gangan.

Ó jókòó, ó tún ọ̀rọ̀ Ìyá Iṣẹ́olúwa gbọ́ létí ara rẹ̀. Ní ọ̀sán Jímọ̀, kò sí iyanrìn kankan lójú omi níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìyá ló ṣì í sọ. Àgbàlagbà ni, oorun kò sì kún ojú rẹ̀. Fọláṣadé kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu gbá ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó ní kí wọ́n bá òun bu díẹ̀ wá nínú kẹ́ẹ̀gì ìyá, ó sì lọ bá Ìbráhìm tó ń ta tíì lẹ́nu ọ̀nà àgọ́, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó yá òun ní sítóòfù àti agolo méjì.

Ìbráhìm kò béèrè ìdí. Ó da omi ìyá sínú agolo kan, ó da omi Alàgbà sínú èkejì, ó sì gbé wọn kaná. Wọ́n hó. Wọ́n gbẹ. Nínú agolo ti ìyá, iyọ̀ funfun lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ bí èrúnrún. Nínú ti Alàgbà, ojú kò rí nǹkan kan àfi ẹrẹ̀ tín-ín-rín.

Ọjọ́ tí òkun kún wọlé. Omi ẹnu òkun. Kò sì ní iyọ̀.

Fọláṣadé gbé ohun tó ṣẹ́kù nínú ìgò sókè sí oòrùn. Ó mì í. Ìfófòó funfun rú sókè títí dé ọrùn ìgò, kò sì lọ bọ̀rọ̀.

"Ọṣẹ nìyẹn," Ìbráhìm ní. "Níbi tí wọ́n ti ń fọ nǹkan ni wọ́n ti bu omi yìí."

Kò sí ibi tí wọ́n ti ń fọ nǹkan lódò tó sún mọ́ ibẹ̀ ju ìsàlẹ̀ afárá Odò Ikpoba lọ. Ìgbà tí Fọláṣadé débẹ̀, àwọn ọmọkùnrin wà nínú omi dé orúnkún, wọ́n ń da ọṣẹ sára mọ́tò. Bámidélé ni olórí wọn. Fọláṣadé kò tíì ṣàpèjúwe Alàgbà tán tí gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Bàbá onígò ni wọ́n ń pè é. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá, bàtà rẹ̀ kì í kan ẹrẹ̀, ó máa ń bu omi sínú ìgò, á sì kọ nǹkan sára rẹ̀. Wọ́n rò pé omi àdúrà ni.

"Ó wá lọ́jọ́ Jímọ̀?"

Bámidélé ní ó wá, nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ó bu omi bí ìṣe rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé àpò kan jáde láti inú bọ́ọ̀tì mọ́tò rẹ̀, ó sì sọ ọ́ sí ibi tí omi ti jìn. Wọ́n ní ìdọ̀tí ilé ni. Ta ni kì í da ìdọ̀tí sódò?

Àwọn ọmọkùnrin náà mòòkùn lọ sí ìsàlẹ̀ omi. Wọn kò pẹ́. Òkúta ló wà nínú àpò náà, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan, àti àpótí kékeré kan tí orúkọ Dókítà wà lára rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Fọláṣadé ránṣẹ́ pe Alàgbà sí àgọ́. Aṣọ funfun ló wọ̀. Fọláṣadé gbé ìgò sórí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ dúró sí tí ẹ fi bu omi yìí?"

"Lórí iyanrìn. Mo ti sọ fún yín."

"Ẹsẹ̀ yín tutù?"

"Rárá. Iyanrìn náà gbẹ."

"Òkun bo iyanrìn yẹn láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ àtàrí."

Alàgbà nu ojú. "Bóyá mo ṣi àkókò sọ."

"Ó ṣeé ṣe. Iyọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Mo se omi yìí gbẹ, kò sí iyọ̀ níbẹ̀. Ọṣẹ ló wà níbẹ̀. Ọṣẹ àwọn tó ń fọ mọ́tò lábẹ́ afárá."

Fọláṣadé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àpò tútù náà sórí tábìlì. Omi ṣàn láti ara rẹ̀ dé etí aṣọ funfun náà. Ọkùnrin náà kò fà sẹ́yìn. Ó ń wò ó bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀ tipẹ́.

Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní òun máa ń lọ sí ẹnu òkun nígbà kan, nítòótọ́. Ní ọdún kan, ọkọ̀ dojú dé mọ́ àwọn lórí. Ọ̀rẹ́ òun tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ di òun lọ́wọ́ mú, òun kò sì lè di tirẹ̀ mú. Láti ọjọ́ náà, òun kò lè wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́. Òun ò lè sọ ọ́ fún ilé iṣẹ́, kí wọ́n má baà fi ẹlòmíràn rọ́pò òun. Odò Ikpoba wà nítòsí ilé. Omi rẹ̀ wọnú ìgò wẹ́rẹ́, òun sì ń fi ìwọ̀n iyọ̀ àtijọ́ kún ìwé. Nọ́ńbà yòókù máa ń dára, nítorí omi ìsàlẹ̀ afárá kò tíì pàdé májèlé àwọn ilé iṣẹ́.

"Ilé iṣẹ́ yín mọ̀?"

"Wọn ò béèrè. Nọ́ńbà tó dára ni wọ́n fẹ́. Tí mo bá ti gbé e dé, wọ́n á ní kú iṣẹ́."

Títí àwọn apẹja fi bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ omi wò. Nígbà tí Dókítà to èsì gbogbo wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, omi burú láti òkè dé ìsàlẹ̀, àfi ojú kan tó mọ́ lau láàárín ìdọ̀tí. Ojú ti Akíntúndé. Dókítà pè é ní ọjọ́ Jímọ̀ kó wá ṣàlàyé fún òun nìkan. Dókítà ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí Akíntúndé dé. Akíntúndé bẹ̀ ẹ́ pé kó fa ojú kan yẹn yọ. Dókítà ní kí Akíntúndé gan-an dìde níwájú ìpàdé, kó sọ òótọ́ fúnra rẹ̀, pé òun yóò dúró tì í. Akíntúndé ní kò ṣeé ṣe. Dókítà ní òun yóò sọ ọ́ nígbà náà. Akíntúndé tì í. Orí rẹ̀ lu etí fíríìjì.

"Ẹ rí i pé ó ń mí," Fọláṣadé ní.

"Mo rò pé ó ti kú."

"Ẹ ò wò ó. Ìgò lẹ ń wò." Fọláṣadé dìde. "Wọ́n ti fi omi yín tọrọ àṣẹ, Ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ìdọ̀tí tí wọ́n dà kún un láti ìgbà náà, orí irọ́ yín ló dúró lé. Àwọn ará Ugbó-Ẹgbà ló ń jìyà rẹ̀."

Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti wó lórí àga.

Dókítà Ìrètíolúwa la ojú ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kò béèrè ẹni tó ṣe é. Ó mọ̀ ọ́n. Èsì ló béèrè. Pẹ̀lúmi sọ fún un pé omi ti ba kọ̀ǹpútà jẹ́, àmọ́ òun ti lọ láti ilé iṣẹ́ dé ilé iṣẹ́, láti abúlé dé abúlé, oníkálukú sì ti tún fún òun ní tirẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá jọ ní, ó ṣòro kí ẹnì kan jí i tán. Àfi ilé iṣẹ́ rọ́bà. Lọ́yà wọn ti kọ̀wé pé ẹjọ́ ti dé kóòtù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi èsì omi ẹnu òkun han aráyé.

Dókítà ní kí wọ́n bá òun wá aṣọ.

Gbọ̀ngàn ìjọ kún ní ọ̀sán Sátidé ọ̀sẹ̀ náà. Ọ̀gá ti sọ fún Fọláṣadé pé ẹjọ́ ti parí ní ọwọ́ ọlọ́pàá, òun kò sì fẹ́ gbọ́ pé ó yọjú síbẹ̀. Ó wọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, ó sì lọ. Dókítà dúró níwájú, báńdéèjì lórí, ó fara ti Pẹ̀lúmi. Lórí ògiri, àwòrán odò náà nà láti ìlú dé òkun, orúkọ ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì wà níbi tó ti da tirẹ̀ sí, ìdọ̀tí sì hàn ní àwọ̀ pupa. Ó fi èsì àwọn apẹja dí ojú tí Akíntúndé ti sọ pé ó mọ́. Pupa ṣàn já pupa.

"Kò sí ẹni tó dá pa odò yìí," ó ní. "Torí náà, kò sí ẹni tó máa sọ fún mi lónìí pé ọwọ́ òun mọ́."

Kẹ́hìndé ló kọ́kọ́ dìde. Àwọn ènìyàn ń retí èébú. Ó rìn dé iwájú, ó sì fi ìwé kan lé Pẹ̀lúmi lọ́wọ́.

"Mi ò fẹ́ràn rẹ, Dókítà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fẹ́ pa torí nọ́ńbà, irọ́ kọ́ ló ń sọ. Tèmi nìyí. Kò dára. Ẹ fi kún un."

Ìgbà yẹn ni lọ́yà ilé iṣẹ́ rọ́bà fò dìde. Ó ní èyí tàpá sófin. Ìyá Iṣẹ́olúwa, tó jókòó ní iwájú rẹ̀, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Lọ́yà wá rí aṣọ ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà, ó nawọ́ sí i. Ó ní Inspẹ́kítọ̀, ẹ dá ìpàdé yìí dúró kíákíá.

Fọláṣadé wò ó. Ó ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn láti inú, ó fi ẹ̀yìn tì í, ó sì ká ọwọ́ mọ́ra.

"Dókítà," ó ní, "ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."